Kókó Kẹta Inú Ìborùn Claudine

Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé Claudine Ṣóbándé, 1978 sí 2025

Ní Issaba, lábẹ́ Pobè, ni wọ́n ti bí Claudine Ṣóbándé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ọdún 1978. Cyprien Ṣóbándé ni bàbá rẹ̀. Berthe ni ìyá rẹ̀. Ìyẹn ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní ọdún 2011. Bàbá bàbá rẹ̀ ni Ṣóbándé tí gbogbo Issaba ń pè ní Àrìnká. Oko méje ni bàbá àgbà yìí ṣán láyé rẹ̀. Kò sí èyí tí ó dúró kórè tán nínú wọn. Ẹ fi oko méje yẹn sọ́kàn. A óò padà sí i.

Ọmọ ni í sin bàbá. Lónìí, bàbá ni ó ń sin ọmọ. Nítorí náà a kò pe àsè. Àwòrán kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn ìwé yìí.

Láti ọdún 1971 títí di 2004, oko ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè ni bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gun àkàsọ̀ lọ bá òdòdó ọ̀pẹ kí ó tó là, kí ó fi àpò bò ó, kí atẹ́gùn àti kòkòrò má baà gbé ohun tí a kò fẹ́ wọ inú rẹ̀. Tí ó bá tó àkókò, yóò fẹ́ ìyẹ̀fun òdòdó akọ sí i láti ojú ihò kékeré lára àpò náà. Yóò wá so páálí mọ́ ọn: nọ́ńbà ìyá, nọ́ńbà bàbá, ọjọ́. Èso tó bá jáde, a mọ ibi tí ó ti wá. Ọ̀pẹ méjì tí èèpo èkùrọ́ wọn fẹ́lẹ́ lè bí èyí tí èèpo tirẹ̀ nípọn. Ohun tó fara pamọ́ lára òbí a máa yọ lára ọmọ. Bàbá rẹ̀ mọ ìran igi tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọmọ tirẹ̀ wà nílé, kò so páálí mọ́ ọn.

Ní ọdún 1984, Claudine bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Pobè, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ. Kì í ṣe aláriwo ọmọ. Ara rẹ̀ yóò wà lórí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ yóò wà lóde. Wọ́n rán an ní iyọ̀, ó mú ìṣáná bọ̀. Wọ́n rán an padà, ó gba iyọ̀ náà, ó gbé e kalẹ̀ lọ́nà láti wo àwọn tó ń wa kànga, ó sì bọ̀ wálé lọ́wọ́ òfo. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé, "Claudine, ọjọ́ kan ni wàá gbàgbé orí rẹ sílé." Òun a dáhùn pé, "Màmá, ẹ bá mi so ó mọ́ ọrùn."

Ní òpin sáà àkọ́kọ́ ọdún ẹ̀kọ́ 1986 sí 1987, olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú ìwé èsì rẹ̀: « Élève étourdie ». Kíláàsì méjì péré ni bàbá rẹ̀ kà. « Élève » ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ kejì ni ó ṣì kà sí « étudie ». Lójú tirẹ̀, ohun tí olùkọ́ sọ ni pé ọmọ náà ń kẹ́kọ̀ọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó lọ sí ọjà, ó ra ìborùn aláró kan tó ní ìlà funfun létí, ó fi ta ọmọ náà lọ́rẹ. Nígbà tí ọmọ náà kùnà ní òpin ọdún, ó rò pé ó ti fi ẹ̀kọ́ ṣeré lẹ́yìn ìyìn. Ó nà án. Akọ̀wé kan níbi iṣẹ́ ni ó wá ka ìwé náà fún un bí ó ti yẹ. « Étourdie » ni ẹni tí orí rẹ̀ kì í sí níbi tí ara rẹ̀ wà. Bàbá rẹ̀ padà sílé, ó tún nà án. Ìtìjú ni ó fà á ní ẹ̀ẹ̀kejì. Ìborùn náà, kò gbà á padà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Claudine rí okùn tí bàbá rẹ̀ fi ń so ọ̀bẹ mọ́ ìbàdí kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ó béèrè ohun tí okùn náà wà fún.

"Kí n má baà gbé ọ̀bẹ sọnù."

"Ṣé ẹ máa ń gbé e sọnù ni?"

Bàbá rẹ̀ fa okùn náà le. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà mú etí ìborùn rẹ̀, ó ta á ní kókó kan. Ó ní, "Èmi náà, omi àmù ni mo so yìí." Lọ́jọ́ náà ó pọn omi kún àmù láìsí ẹni tó rán an létí, ó sì tú kókó rẹ̀. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí kò gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́kàn rẹ̀, inú ìborùn yẹn ni ó ń wà.

Ó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní 1993 láìgba ìwé ẹ̀rí. Ó kọ́ ìránṣọ, ó rán apá òsì méjì mọ́ ẹ̀wù ọkùnrin kan. Ó kọ́ irun dídì, oníbàárà kan dìde pẹ̀lú ìdajì orí. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì; a kò ní sọ ti búrẹ́dì. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti dá a padà sílé. Àwọn ará àdúgbò ní ó yọ̀lẹ. Bàbá rẹ̀ gbà pẹ̀lú wọn. Kò sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gbà, Claudine sì mọ̀.

Ní 2003 ni iṣẹ́ rẹ̀ rí i. Wọ́n ń wá àwọn tí yóò máa gbé ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí abúlé, àwọn tí a ń pè ní relè. Iṣẹ́ náà kò ní àga. Orí alùpùpù ni, nínú eruku tàbí ẹrẹ̀, láti Issaba sí Ahoyéyé, láti Ahoyéyé dé Yoko. Ó gbàgbé ìwé orúkọ sílé lọ́pọ̀ ìgbà. Kò gbàgbé ọmọ kan rí. Ìyá tí kò bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án, Claudine yóò di kókó kan nítorí ọmọ náà. Kò ní tú u títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn ọmọdé abúlé ń pè é ní Tàntí Oníkókó. Àwọn kan nínú wọn ti di àgbà, wọ́n sì jókòó sí àárín yín níbí.

Ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ni ó ń lọ láti ọdún 1999. Kò pa ìsìn ọjọ́ Àìkú jẹ. Kì í gbàgbé láti bọ́ bàtà kó tó wọlé. Ibi tó bọ́ ọ sí ni kì í mọ̀. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn wálé, tí ó ní Ọlọ́run mọ bàtà òun.

Ní 2006, Wilfried, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Sakété, wá tọrọ rẹ̀. Kí ìdílé méjì tó di àna, wọ́n a máa béèrè lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn àgbà Sakété béèrè bí ó ti yẹ: ṣé wèrè wà nílé yín, ṣé wárápá wà, ṣé ohun kan wà tó ń tẹ̀lé ìran yín? Bàbá rẹ̀ ní ilé òun mọ́ tónítóní. Bí bàbá gbogbo ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Kò rò pé irọ́ ni.

Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ: Gaël ní 2008, Chancelle ní 2013. Gaël rọra dàgbà. Chancelle kò rọra ṣe ohunkóhun. Bí ìyá rẹ̀ ṣe rí ní kékeré ni, ṣùgbọ́n ti ọmọ yìí kún fún ìrìn. Ó ń dìde nínú kíláàsì, ó ń dáhùn ìbéèrè tí a kò tíì béèrè tán, ó sá la títì kọjá lẹ́ẹ̀mejì láìwo ọ̀tún wo òsì. Ní 2020, olùkọ́ rẹ̀ ní òun kò lè mú un mọ́.

Ìgbà náà ni àwọn ará ilé ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìborùn náà. Kókó méjì lónìí, kókó márùn-ún lọ́la. Kí ni ó ń dì? Ta ni ó ń dì? Wọ́n ní iṣẹ́ Wilfried ti lọ́ra. Wọ́n ní orí ọmọbìnrin náà ni ìyá rẹ̀ so mọ́lẹ̀ tí kò fi rójú dúró. Claudine ní, "Kókó yìí, ọṣẹ ni. Èyí, abẹ́rẹ́ ọmọ Ahoyéyé ni. Èyí, mo ti gbàgbé ohun tó jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọ́n pe ìpàdé ní Sakété. Bàbá rẹ̀ lọ. Ìyá Wilfried ni ó sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Àna wa, ẹ má bínú. A ò ní ọmọ yín burú. Ìbéèrè kan péré ni. Irú ìwà tí ọmọ yìí ń hù, ṣé ó wà nílé yín?"

Claudine wo bàbá rẹ̀. Kò wo ẹlòmíràn.

Bàbá rẹ̀ rántí ohun tó ti sọ ní 2006. Ó rántí Àrìnká. Ó rántí ara rẹ̀. Ó ní, "Kò sí."

"Ó dáa," ni ìyá Wilfried wí. "Bí kò bá ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, a jẹ́ pé ọwọ́ ni ó ti wá." Ó sì tọ́ka sí ìborùn.

Ọ̀rọ̀ kan náà tí bàbá fi dáàbò bo ilé rẹ̀ ni wọ́n fi lé ọmọ rẹ̀ jáde. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Claudine àti Chancelle ti wà ní Pobè lọ́dọ̀ rẹ̀. Gaël dúró ti bàbá tirẹ̀. Nígbà tí Claudine ń já ẹrù kalẹ̀, kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó kàn ní, "Baba, ẹ ṣeun, ẹ̀yin gbà wá sílé." Ìyẹn wọ̀ ọ́ lára ju ìjà lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn mẹ́ta lọ rí dókítà kan ní Àjàṣẹ́, Dókítà Yolande. Ó bá ọmọ náà ṣeré, ó ka ìwé olùkọ́, ó béèrè nǹkan púpọ̀. Lẹ́yìn náà ó ya ọpọlọ sẹ́yìn ìwé kan. Ó fi bírò tọ́ka sí apá iwájú rẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni adènà wà: ohun tó ń sọ fún ẹsẹ̀ pé dúró, tó ń sọ fún ọkàn pé di eléyìí mú, má jẹ́ kó lọ. Ó ní iṣan ọpọlọ kan a máa ránṣẹ́ sí èkejì, ohun olómi kan ni ó ń gbé iṣẹ́ náà kọjá. Lára àwọn ọmọ bíi Chancelle, iṣẹ́ náà kì í sábà dé bí ó ti yẹ. Adènà wà, ó ń tòògbé ni. Ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó gbó ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́tà mẹ́rin ni àwọn oníṣègùn fi ń pè é ní Faransé. Ó ní kì í ṣe ìyà, kì í ṣe èpè, kì í ṣe àìgbẹ̀kọ́, pàṣán kò sì wò ó sàn rí.

"Ibo ni ó ti wá?" ni Claudine béèrè.

"Nínú ìdílé ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Bí gíga ṣe ń tẹ̀lé ìran, bẹ́ẹ̀ ni èyí náà. Kì í ṣe èso kan ṣoṣo ni ó ń gbé e wá. Èso kéékèèké púpọ̀ ni, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ta ni ó dà bẹ́ẹ̀ nílé yín?"

Claudine na ìka sókè bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́. "Èmi nìyí, Madamu." Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ó sunkún níbẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́. Ó ní gbogbo ayé òun ni òun ti rò pé èèyàn burúkú ni òun tí kò tètè hàn.

"Ṣáájú yín ńkọ́?"

Bàbá rẹ̀ ní òun yóò rò ó. Dókítà náà fún un ní ìwé kan tí yóò kọ orúkọ ìran rẹ̀ sí. Ó ní tí ìwé náà bá pé, òun yóò kọ lẹ́tà tí ìdílé ọkọ lè kà.

Nínú ọkọ̀, lẹ́yìn Sakété, Claudine ní, "Baba, mo ń kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ dìde ní àga ní ilé dókítà. Wọ́n ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó, ẹ tún dìde."

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Ẹ̀yin àti Chancelle. Ẹsẹ̀ yín jọ ń dùn yín."

Olùkọ́ Chancelle gbọ́rọ̀ sí dókítà lẹ́nu. Ó mú un jókòó níwájú, ó ń fún un ní iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń rán an lọ pa pátákó rẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná. Ọmọ náà ń ṣe dáadáa sí i. Wilfried ń wá wò wọ́n. Ó ní òun fẹ́ ìyàwó òun padà. Ó ní, "Bí Baba bá lè wá sọ ọ́ fún ìyá mi fúnra wọn, ọ̀rọ̀ parí."

Ìrìn àjò yẹn kò tó wákàtí kan. Bàbá rẹ̀ kò lọ. Ó fi ìwé dókítà sínú àpótí, níbi tí ìwé èsì « étourdie » wà. Claudine a máa béèrè, yóò ní ó di ọ̀la. Ọdún méjì àti oṣù mọ́kànlá ni ọ̀la yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún yìí, Claudine ń lọ sí Yoko fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú alùpùpù. "Baba, ọjọ́ wo ni à ń lọ Sakété?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó mú etí ìborùn, ó di kókó kan lójú bàbá rẹ̀, ó fà á le. "Mo ti so yín mọ́bí. Ẹ ò lè sọnù mọ́." Ó lọ.

Ní ọ̀sán, lẹ́yìn Yoko, ó ti la títì kọjá tán nígbà tó rántí glasiyè, àpótí yìnyín tí abẹ́rẹ́ ń gbé inú rẹ̀. Abẹ́ igi iṣin ni ó gbàgbé rẹ̀ sí, ní òdìkejì. Ó yípo padà. Ọkọ̀ oníyanrìn kan ń bọ̀. Kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ẹnìkan gbé àpótí náà wá bá wa. Yìnyín inú rẹ̀ kò tíì yọ́.

Béatrice, àbúrò bàbá rẹ̀, wà lára àwọn ìyá tí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn kò ní fi kókó sin òkú, pé ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ ni kó wá tú u. Kókó mẹ́ta ni ó wà nínú ìborùn náà. Jocelyne, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, mọ àkọ́kọ́: ọmọ kan ní Ahoyéyé tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án. Ó tú u, ó sì ti lọ síbẹ̀. Chancelle mọ èkejì: ìwé ìyàwòrán tí ìyá rẹ̀ ṣèlérí fún un. Ó tú u. Wọ́n béèrè ẹni tó ni ẹ̀kẹta.

Bàbá rẹ̀ ni ó tú u. Ó pẹ́ kó tó tú. Claudine ti fà á le jù.

Ìdí tí a fi kọ ìtàn yìí báyìí nìyẹn. Àwọn ará Sakété, ẹ ti wá, ẹ ṣeun. Ìyá Wilfried, ẹ bi wá ní ìbéèrè kan ní 2021. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó wà. Ó wà lára Àrìnká, tí ó ṣán oko méje. Ó wà lára Cyprien, tí ó gba ojú fèrèsé sá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní 1958, tí ó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gun àkàsọ̀ nítorí pé kò lè jókòó, tí ó so ọ̀bẹ mọ́ ìbàdí kó má baà sọnù. Ẹ ń yìn ín pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹnu tó ń sáré ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ bí a ti ń dì í mú. Ó wá dì í mú lọ́jọ́ tó yẹ kó là á. Ó wà lára Claudine. Ó wà lára Chancelle. Nọ́ńbà bàbá nìyí, tí kò so mọ́ ọmọ rẹ̀ láti 1978.

Claudine kò di ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ara rẹ̀ ni ó ń so mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó má baà já yín kulẹ̀. Ẹni tó bá pe Chancelle ní ọmọ àjẹ́ láti òní lọ, ìran Ṣóbándé ni ó pè bẹ́ẹ̀, kí ó wá bá Cyprien, bàbá àgbà rẹ̀, sọ ọ́. Ìwé dókítà ti kún. Ọwọ́ Wilfried ni ó wà.

Olóògbé fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ sáyé, Cyprien. Àbúrò rẹ̀, Aurèle. Ọkọ rẹ̀, Wilfried. Àti ọmọ méjì, Gaël àti Chancelle. Kò dúró rí ọmọ-ọmọ. Ìborùn ti di ti Chancelle. Kókó kan ti wà létí rẹ̀ láti àná. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dì í. Ẹ má bi í léèrè.

Claudine, ọmọ Àrìnká, ẹsẹ̀ rẹ ti balẹ̀. Kí ilẹ̀ Issaba fúyẹ́ lára rẹ. Ohun tí o so mọ́ wa lọ́rùn, a ti gbọ́, a ti ṣe é. Ó pẹ́. Máa sinmi.